Ẹni Tó Ń Ṣáájú Keturah

Dúró ná. Ìwọ tí o ti fẹ́ ṣí ojú ewé yìí kọjá, gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Bí o bá ń jẹun, dá òkèlè yẹn padà sínú àwo. Bí fóònù rẹ bá ń dún, jẹ́ kó dún. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń fi etí kan gbọ́, nítorí pé ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí náà rò pé àkókò ṣì wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ tó kẹ́yìn ìrìn-àjò rẹ̀ sí Àbújá, Keturah gbé àwo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ nílé àlejò tí ìjọ fi àwọn obìnrin tó wá ṣèpàdé wọ̀ sí. Aago méje ààbọ̀ ni. Àkíbù, ọkùnrin tó ń bu oúnjẹ, gbé ṣíbí ńlá ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Ó wo ojú Keturah, ó wo àwo òfìfo, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀ẹ̀kejì rèé o, Màmá. Àbí ẹ fẹ́ jẹ tọ̀la mọ́ tòní ni?"

"Ẹ̀ẹ̀kejì báwo? Mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀."

"Háà, Màmá! Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn? Mo fún yín ní búrẹ́dì àti ẹyin, ẹ ní ẹ ò fẹ́, pé ẹ̀wà lẹ fẹ́. Mo bu ẹ̀wà, ẹ tún ní kí n ta epo sí i dáadáa, kó pọ́n." Ó nawọ́ síbẹ̀. "Àwo yín ṣì nìyẹn."

Keturah wo ìdí fèrèsé. Lóòótọ́, àwo kan wà lórí tábìlì. Ẹ̀wà inú rẹ̀ dín níbi kan ṣoṣo, bí ìgbà tí ènìyàn kàn tọ́ ọ wò, tó wá fi ìyókù sílẹ̀ de ẹlòmíràn. Wọ́n ti fa àga ìdí rẹ̀ sẹ́yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ̀wà ti dé ẹnu Keturah kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ìbejì ni Keturah. Ní Igbó-Ọrà tí wọ́n bí i sí, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn rárá; ilé tí kò bá ní ìbejì níbẹ̀ ni wọ́n ń bi pé kí ló dé. Rebecca ni Táyéwò, òun ló kọ́kọ́ yọjú sáyé. Keturah ni Kẹ́hìndé, òun sì ni ẹ̀gbọ́n. Gbogbo wa la mọ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́: Kẹ́hìndé ló ń rán Táyéwò pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn, ìgbà tí ẹkún Táyéwò bá sì dé etí rẹ̀ ni òun náà á tó máa bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn méjèèjì ṣe lo ìgbà èwe wọn. Bí odò bá kún, Keturah á ní, "Táyé, lọ wò ó." Bí wọ́n bá fọ́ ìkòkò ìyá wọn, á ní, "Táyé, máa ṣáájú, mò ń bọ̀ lẹ́yìn." Rebecca á sì lọ. Kò kọ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n dàgbà, Keturah di olùkọ́ ní Ayétẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe ìyá ìjọ. Rebecca fẹ́ Ṣàngótọ́lá, àgbẹ̀ kan ní Igbó-Ọrà tí ìdílé wọn ṣì ń bọ Ṣàngó. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ ìbí wọn bá pé, Rebecca á se ẹ̀wà ìbejì, á ta epo pupa sí i, á gun ọ̀kadà, á sì gbé ti Keturah lọ fún un ní Ayétẹ̀. Keturah á gbà á, á wo ọ̀tún wo òsì, á lọ jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, àwọn ìyá ìjọ wà nínú ilé fún àdúrà nígbà tí Rebecca gbé ìkòkò wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ojú ti Keturah. Ẹ̀yin ará mi, ìtìjú kì í ṣe ìtara fún Olúwa, àmọ́ aṣọ kan náà ni wọ́n jọ máa ń wọ̀. Ó gba ìkòkò náà, ó gbé e jáde sí àgbàlá, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Epo náà ṣàn títí dé ẹsẹ̀ Rebecca.

"Oúnjẹ òrìṣà ò wọ ilé mi," ni Keturah wí. "Ọ̀run àpáàdì ni ọ̀nà tí ò ń tọ̀ yìí já sí. Ìwọ kúkú ni aṣáájú. Máa lọ! Lọ tọ́ ọ wò!"

Rebecca wò ó títí. Ó gbé ìkòkò òfìfo náà nílẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́, Kẹ́hìndé." Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí yìí ni Ṣàngótọ́lá pe Keturah ní Àbújá. "Màmá Àràmídé, ẹ jọ̀ọ́, ara ìkejì yín ò yá o. Ibà ọ̀hún ò lọ. Ẹ̀yin ló ń bèèrè." Keturah fèsì pé bí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ bá parí, òun á yà. Ìpàdé ṣì ku ọjọ́ méjì. Ó jókòó sí i, ó kọrin, ó pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Fráídè, oníwàásù dìde, ó sì sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó gbé ọrẹ dé iwájú pẹpẹ, tó wá rántí pé arákùnrin òun ní òun sínú. Ó ní Olúwa kò fẹ́ irú ọrẹ bẹ́ẹ̀. Kí olúwarẹ̀ fi sílẹ̀ níbẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ parí ìjà. Ó dà bí ẹni pé Keturah nìkan ló wà nínú gbọ̀ngàn náà. Ó rántí pé ọ̀la gan-an ni ọjọ́ ìbí àwọn. Ó pe Àràmídé, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ìyẹn sì bá a ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú kó lè tètè délé. Ohun kan ló ń lé Keturah: ó fẹ́ gba 'Lọ tọ́ ọ wò' tó sọ yẹn padà kí Rebecca tó ṣe é.

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, ó fi àwo sílẹ̀ lọ́wọ́ Àkíbù, ó sáré padà sí yàrá. Màmá Malachi, tí wọ́n jọ wá láti ìjọ kan náà, ń di ẹrù rẹ̀.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ò bá wa wọ bọ́ọ̀sì mọ́? Ọkọ̀ òfurufú! Èmi o, irin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀, mi ò bá a ṣeré. Bí bọ́ọ̀sì bá bàjẹ́, màá sọ̀ kalẹ̀, màá ra bọ̀ọ̀lì jẹ. Ẹ̀yin, ibo lẹ fẹ́ sọ̀ sí lókè yẹn?"

Keturah ò rẹ́rìn-ín. Ó pe fóònù Ṣàngótọ́lá. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún pè é. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló pè é, kò sẹ́ni tó gbé e.

"Màmá Malachi, ṣé mo jáde ní yàrá yìí láàárọ̀, kí n tó lọ síbi oúnjẹ?"

Màmá Malachi fi aṣọ tó ń ká sílẹ̀. "Mo ti fẹ́ bi yín. Mo pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mò ń ti ilé ìwẹ̀ bọ̀. Mo kí yín, ẹ ò dáhùn, mo ní bóyá ẹ ń gbàdúrà sínú. Mo wá wọlé, mo bá yín lórí ìkúnlẹ̀ níbi tí mo fi yín sí." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀nà wo lẹ gbà padà wọlé, Màmá Àràmídé?"

Nínú yàrá yẹn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti dáná rí, òórùn epo pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná rọra gba afẹ́fẹ́.

Ní pápá ọkọ̀ òfurufú, Keturah tò sẹ́yìn àwọn èrò tí wọ́n ń gbé ẹrù sórí ìwọ̀n. Nígbà tó kàn án, ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó níbẹ̀ gbójú sókè, ó sì fi Yorùbá kí i bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Nǹkan lẹ gbàgbé ni?"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mà, ẹ̀yin lẹ dúró síwájú mi níbí ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Mo bi yín pé ẹrù dà, ẹ ní ẹ ò ní ẹrù. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n yín ló ń gbẹ́rù bọ̀ lẹ́yìn."

Keturah di etí tábìlì mú. Ẹ̀gbọ́n. Ní gbogbo ayé yìí, ẹnì kan ṣoṣo ni òun jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún láti inú oyún wá.

Ọ̀dọ́kùnrin náà wo kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó tún un wò. "Ó jọ pé ẹ ò tíì kọjá lóòótọ́. Ẹ má bínú, Mà. Àárẹ̀ ni. Òru ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́." Ṣùgbọ́n bó ṣe ń na tíkẹ́ẹ̀tì sí i, kò jẹ́ kí ìka òun kan tirẹ̀.

Ẹ̀bá fèrèsé ni àyè Keturah wà nínú ọkọ̀. Àyè tó tẹ̀ lé tirẹ̀ ṣófo. Àmọ́ bẹ́líìtì àyè náà wà ní dídè. Kì í ṣe pé wọ́n kàn so ó pọ̀; ó dìde díẹ̀ lórí àga, ó fún, bí ìgbà tó gba orí itan ènìyàn kọjá. Keturah wò ó, ó sì yára gbé ojú sí fèrèsé. Ọkọ̀ sáré, ó gbéra. Keturah ò wọ ọkọ̀ òfurufú rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọkọ̀ náà kọ́ ló ń bà á.

Nígbà tí wọ́n dé àárín ìkúukùu, obìnrin tó ń pín omi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó gbé ife kan fún Keturah. Ó tẹrí ba, ó rẹ́rìn-ín sí àyè tó ṣófo, ó sì gbé ife kejì síwájú rẹ̀.

"Ta lẹ gbé ìyẹn fún?" Keturah bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Obìnrin náà wo àga. Ó wo Keturah. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ó gbé ife náà kúrò. Keturah rí i pé omi inú rẹ̀ ti dín ní ẹnu kan.

Ó di ojú rẹ̀. Gbogbo orin ìdáǹdè tó mọ̀ sá lórí rẹ̀. Àdúrà tó máa ń gbà fún wákàtí méjì láìsinmi di ọ̀rọ̀ bíńtín. "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ jù. Jẹ́ kí n bá a." Lẹ́yìn náà, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ tó sùn sọ̀rọ̀. "Táyé. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, ìtìjú ló sọ ọ́. Mo gbà á padà. Ṣé o gbọ́? Mo ti gbà á padà."

Ó rí bí ìgbà tí ènìyàn ju òkúta sí kànga, tó ń retí, tí kò sì gbọ́ kó kan omi.

Ọkọ̀ balẹ̀ ní Alákìá, n'Íbàdàn. Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, bẹ́líìtì ẹ̀gbẹ́ Keturah tú fúnra rẹ̀. Ó dún kọ́. Ó sì bọ́ sílẹ̀ lórí àga.

Láńrewájú ló wá gbé e. Ọmọ Igbó-Ọrà ni, ó sì máa ń fi mọ́tò rẹ̀ ná ọ̀nà Ìbàdàn. Ẹ̀yìn ni Keturah jókòó sí, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan. Wọ́n kọjá ní Ìdó. Wọ́n dé Èrúwà, òjò ń ṣú. Láńrewájú, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kò sọ gbólóhùn kan. Ojú rẹ̀ ń lọ sínú dígí, ó sì ń yára padà sójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé Lánlátẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì dúró.

"Màmá, ẹ má bínú o," ó wí, kò wẹ̀yìn. "Ìkejì yín yìí, ṣé yóò bá wa dé Igbó-Ọrà ni, àbí ibí ló ti fẹ́ sọ̀?"

"O rí i?"

"Láti Alákìá ni. Èmi náà ọmọ Igbó-Ọrà ni mí, mi ò kí ń bi ìbejì ní ìbéèrèkíbéèrè. Ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ ṣubú."

Keturah wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tìmùtìmù àga náà rì sísàlẹ̀. Ọwọ́ ilẹ̀kùn sì ń rọra gòkè.

"Má ṣí i fún un!" ó kígbe. "Láńrewájú, tì í pa!" Ó na ara rẹ̀ lé àyè náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú. Ibi tó na ara lé náà tutù bí ilẹ̀ abẹ́ àmù. "Táyé, dúró! Má ṣáájú mọ́! Ọjọ́ kan péré, jẹ́ kí èmi ṣáájú!"

Ọwọ́ ilẹ̀kùn dúró. Fún ìgbà díẹ̀, Keturah rò pé ó gbọ́. Lẹ́yìn náà, tìmùtìmù dìde padà díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Òórùn epo tó ti ń bá a bọ̀ láti Àbújá kúrò nínú mọ́tò, ó ku òórùn òjò nìkan.

"Ó ti lọ," ni Láńrewájú wí. Ó sì fi iná sí ọkọ̀.

Aago mẹ́ta kọjá nígbà tí wọ́n wọ Igbó-Ọrà. Ṣàngótọ́lá jókòó sórí àpótí níwájú ilé, àwọn ará ilé yí i ká. Ó dìde.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá Àràmídé."

"Táyé ńkọ́?"

Níbẹ̀, wọn kì í la ẹnu sọ pé ìbejì kú. Ṣàngótọ́lá wo ilẹ̀. "Táyéwò rìnrìn-àjò."

Keturah kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn obìnrin gbá a mú. "Nígbà wo?"

"Aago méje àárọ̀ kọjá díẹ̀. Mo rí gbogbo ìpè yín. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó fẹ́ wọ ojú òfurufú? Mo ní kí ẹsẹ̀ yín kọ́kọ́ kanlẹ̀ ná." Ó nu ojú rẹ̀. "Ìdájí ló dìde, tòun ti ibà yẹn. Mo ní kó sùn, kò gbà. Ó ní òní lọjọ́ ìbí àwọn. Ó se ẹ̀wà. Ó bù ú sí àwo méjì. Kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Tiyín ló gbé, ó tọ́ ọ wò ní ẹnu kan. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní iṣẹ́ tí ẹ rán òun nìyẹn. Ó wá ní, 'Jẹ́ kí n lọ mú Kẹ́hìndé wálé, kò mọ̀nà òkè.' Ó fara ti ògiri. Ó parí."

Keturah fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Ó sọ nǹkan kan sí i," ni Ṣàngótọ́lá wí jẹ́jẹ́. "Ó ní bí ẹ bá dé, kí n má jẹ̀ẹ́ kí ẹ dà á nù."

Ó wọlé, ó gbé àwo kan jáde, wọ́n fi àwo mìíràn dé e lórí. Ó fi ṣíbí kan sí i. Nígbà tó ṣí i, èéfín sọ lójú ẹ̀wà náà. Láti aago méje àárọ̀. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rí i, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì gbé e kaná.

Ẹ mọ ohun tí irú àwa onígbàgbọ́ yìí máa ń wí nípa oúnjẹ tí òkú bá bù síni lọ́wọ́. Keturah ti wí i lórí pẹpẹ láìmọye ìgbà. Bó bá jẹ ẹ́, ta ló mọ ibi tó ń pè é lọ? Bí kò bá jẹ ẹ́, ó ti dà á nù lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n tẹ́ Rebecca sí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó gbé àwo náà lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Epo náà pọ́n. Iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé. Omijé ń kán sí i, kò nù ún. Ó jẹ ẹ́ títí dé ìdajì, ó wá gbé ṣíbí kalẹ̀ láti sinmi.

Nígbà tó wo inú àwo, ṣíbí méjì ló wà níbẹ̀.

Èkejì kọjú sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá. Epo ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀wà ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, tí Keturah kò fọwọ́ kàn, ti lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú tirẹ̀.

Keturah ṣì wà ní Ayétẹ̀ títí dòní. Ó ṣì ń kọ́ni, ó ṣì ń sin Olúwa. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìdájí, ó máa ń jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, á tẹ́tí sílẹ̀. Ó mọ̀ pé bí Táyéwò bá tọ́ nǹkan wò tán, á ké padà sí ẹni tó rán an. Kò tíì gbọ́ igbe náà. Kò sì mọ irú igbe tí yóò jẹ́.

Ìwọ ńkọ́? Ta ni ìwọ fi ẹnu ara rẹ lé lọ, tó dá ọ lóhùn pé òun gbọ́? Olóore-ọ̀fẹ́ ni Olúwa, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí ọ̀sán fún ẹni tó gbé àárọ̀ dànù. Má dúró de òpin ìpàdé kankan. Mo bẹ̀ ọ́, pa ìwé yìí dé báyìí, yí ọ̀nà tí ò ń lọ padà, kí o sì lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tó ṣì lè bi ọ́ pé, "Ta nìyẹn?"